Oúnjẹ Tí Wọn Ò Jẹ ní Ìdí-Ọsàn

Bí ẹ bá dé Ayétòrò tí ẹ ní Mísìs Àṣìkẹ́ Oyèkúnlé lẹ̀ ń wá, wọ́n lè ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹ béèrè Tísà Aláìjẹ. Ọlọ́kadà tó bá kọ́kọ́ dúró yóò gbé yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kì í ṣe pé obìnrin náà kì í jẹun o. Ẹni tó bá rí i yóò mọ̀ pé ó ń jẹun, oúnjẹ náà sì ń gbà lára rẹ̀. Ilé ara rẹ̀ nìkan ló ti ń jẹ ẹ́. Òbí kankan kò tíì rí i kó gba iṣu lọ́wọ́ àwọn, akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò sì tíì rí i kó bu bisikíìtì rẹ̀ jẹ. Bí ìyá ọmọ kan bá ru odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá dúpẹ́, Àṣìkẹ́ á kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà kú ìrìn, á sì ní kó máa bá ìyá ọmọ padà lọ.

Ìwà yìí nídìí. Kó tó di tísà, ó ti bá ẹnjíò kan ṣiṣẹ́ ní Ìlaròó, ọ̀kan lára àwọn àjọ tí kì í ṣe tìjọba, tí kò sì wá èrè. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa ti abúlé dé abúlé, kí wọ́n máa kọ́ àwọn ìyá bí wọn yóò ṣe bọ́ ọmọ tí kò fi ní rù. Abúlé tí wọ́n kọ́kọ́ dé pa adìyẹ fún wọn. Ìkejì gbọ́, ó pa méjì. Ìkẹta kò fẹ́ kí ojú ti òun, ó pa ewúrẹ́. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìgbà tí iṣu tuntun bá jáde kí wọ́n tó mú ọjọ́ àbẹ̀wò. Àwọn tó wá lé ebi jáde lábúlé ló wá ń jẹ abúlé run. Àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ láti òkè òkun gbọ́, wọ́n ti àjọ náà pa. Ẹni tó jẹ itan àti Àṣìkẹ́ tí kò fọwọ́ kan ìyẹ́, ọjọ́ kan náà ni wọ́n kọrin ó dàbọ̀ fún.

Láti ìgbà náà ló ti sọ ọ́ di òfin: a kì í jẹ lọ́wọ́ ẹni tí a wá ràn lọ́wọ́. Nígbà tó wọ iṣẹ́ tísà ní ilé ẹ̀kọ́ gíráámà kan ní Ayétòrò, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì àgbà, ó pè é ní Ẹgbẹ́ Aṣèrànwọ́. Ó ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ ẹnjíò bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ télọ̀: bí a ṣe ń wọ ìlú onílùú, bí a ṣe ń bi àgbà léèrè ọ̀rọ̀, bí a ṣe ń jíhìn ohun tí a ṣe. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ gidi ni, ó sì ń dun ún pé àwọn ọmọ Lọ́ndọ̀nù àti Àbújá ló ń wá ṣe é fún ará Yewa.

Lọ́jọ́ tó ṣàlàyé ẹgbẹ́ náà fún àwọn òbí, bàbá kan dìde láàárín wọn. Mùnírù lorúkọ rẹ̀, àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ni, ọmọ rẹ̀ Toheebat sì ni ọmọ tí ọ̀rọ̀ já gaara lẹ́nu rẹ̀ jù nínú ẹgbẹ́ náà.

“Tísà, ẹ gbà mí láyè. Àjọ tí kò wá èrè lẹ pè é?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Mo ń ro oko kí ọmọ mi lè kàwé, ẹ wá fẹ́ kọ́ ọ bí èèyàn ò ṣe ní jèrè. Ìyẹn mo lè kọ́ ọ nílé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é.”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àṣìkẹ́ dúró kí ẹ̀rín lọ sílẹ̀. “Wọ́n ń gba owó oṣù, Bàbá.”

“Lọ́wọ́ ta ni?”

“Lọ́wọ́ àwọn aláàánú.”

Mùnírù yí ojú ká gbogbo yàrá náà, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí wọ́n ní ọ̀kan wà níbẹ̀. “Àwọn aláàánú. Ibo ni wọ́n ń gbé?”

Àwàdà ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Mùnírù ní àbúrò kan tó ń jẹ́ Mùínátù, tó ń ta aṣọ ní Kétu lọ́hùn-ún, lódì kejì bọ́dà, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ ìwé tí wọ́n sì ń fi Yorùbá ná ọjà. Mùínátù ń wá ẹni tí yóò máa bá òun dúró ní ìsọ̀. Bí Toheebat bá ti kọ wáẹ̀kì tán, Kétu ló ń lọ. Ọmọ náà kò fẹ́. Ó ti wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n lọ bẹ́ẹ̀. “Fún ìgbà díẹ̀” ni wọ́n máa ń sọ, ìgbà díẹ̀ náà á wá lọ́kọ, á bímọ.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Àjọ ńlá kan ní Abẹ́òkúta ń mú akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ní iléèwé kọ̀ọ̀kan. Wọn yóò kọ́ ọ níṣẹ́ fún ọdún kan, wọn yóò máa fún un lówó, lẹ́yìn náà wọn yóò gbà á síṣẹ́. Àṣìkẹ́ kọ̀wé sí wọn. Ó fi yangàn pé àwọn ọmọ òun kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ará abúlé, omi gan-an kì í kọjá lọ́fun wọn. Ọ̀gbẹ́ni Gideon tó ń bójú tó ètò náà fi fóònù pè é.

“Mísìs Oyèkúnlé, ibi tí lẹ́tà yín ti dùn mọ́ wa jù nìyẹn. Òfin tiwa náà ni. Ẹni tó bá jẹ nínú ìkòkò abúlé, a kì í mú un. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ kan lábúlé kan. N ó wá wò ó ní Ọjọ́bọ̀ tó bá tẹ̀lé e, n ó sì bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀.”

Àṣìkẹ́ tọ Mùnírù lọ. Mùnírù gbọ́ ọ dé òpin, ó sì ní, “Bí wọ́n bá mú un, mo gbà. Bí wọn ò bá mú un, Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá bẹ̀ mí.”

Abúlé tí wọ́n mú ni Ìdí-Ọsàn, abúlé oko kan lẹ́yìn Jọga-Orílé. Ilé ìwòsàn kékeré kan wà níbẹ̀ tí koríko ti bò débi pé aláboyún gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà kó tó lè rọbí débẹ̀. Àṣìkẹ́ bá nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì sọ fún ìdílé méjì tí ilé ìwòsàn náà wà lórí ààlà wọn, inú gbogbo wọn dùn. Sátidé, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti Ayétòrò wá pẹ̀lú àdá àti ọkọ́. Nígbà tí oòrùn fi máa mú, ilẹ̀ ti mọ́ fefe, bí orí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá.

Ìgbà náà ni oúnjẹ dé. Ìkòkò méjì ni. Ìyá Ọmọ́délé, àgbà obìnrin ìdílé kan, ni wọ́n ru ẹ̀wà tẹ̀lé. Bàbá Bàrúwà, olórí ìdílé kejì, ní kí wọ́n gbé gàrí àti ẹja tútù tí wọ́n sè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ridwanullah, ọmọkùnrin tó ga jù nínú ẹgbẹ́ náà, rí ẹja yìí, ọkọ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Toheebat ni agbẹnusọ. Ó kúnlẹ̀. “Màmá, ẹ ṣeun. Bàbá, ẹ ṣeun. A ò wá jẹun o. Iṣẹ́ la wá ṣe, a ò fẹ́ nǹkan kan.”

“Ẹ ò fẹ́ nǹkan kan?” ni Ìyá Ọmọ́délé wí.

“Rárá, mà.”

“Omi ńkọ́?”

“A gbé omi wá láti ilé, mà.”

Ìyá Ọmọ́délé wo Bàbá Bàrúwà. Bàbá Bàrúwà náà wo Ìyá Ọmọ́délé. Wọn ò wo ara wọn bẹ́ẹ̀ láti bí ọdún mélòó kan, àwọn tó mọ̀ wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ wọn wọlé. Àṣìkẹ́ kò rí èyí. Ojú Toheebat ló ń wò, orí rẹ̀ sì ń wú.

Nínú bọ́ọ̀sì, ó dìde dúró láàárín àwọn àga. “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà kò lè dán wò.”

Òótọ́ ló sọ. Kò sí àgbà tó jẹ́ dán an wò.

“Mà,” ni Ridwanullah wí láti ẹ̀yìn, “ẹja yẹn ń wò mí.”

“Gbójú kúrò lára rẹ̀.”

“Mo gbójú kúrò, mà. Òun ni ò gbójú kúrò lára mi.”

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni Bàbá Bàrúwà fi ọ̀kadà dé iléèwé. Kò jókòó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì pírínsípà, ó sì nawọ́ sí Àṣìkẹ́.

“Ìyá tísà, èló ni ìdílé Ọmọ́délé fún yín?”

Àṣìkẹ́ rò pé bàbá náà ṣìnà ni. “Bàbá, a ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.”

“Mo mọ̀. Ẹ ò tiẹ̀ gba omi. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn.”

Bàbá náà wá là á yé wọn. Ní Ìdí-Ọsàn, ẹni tó bá ro ilẹ̀ tó sì jẹun onílẹ̀, onílẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Iṣẹ́ parí, oúnjẹ parí, kò sẹ́ni tó ní ohunkóhun í gbà lọ́wọ́ ẹnìkan. Ẹni tó bá ro ilẹ̀ tí kò jẹun, tara rẹ̀ ló ń ro, tàbí ti ẹni tó ti bọ́ ọ wá láti ilé. Ilẹ̀ ilé ìwòsàn yẹn ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìdílé méjèèjì rí, dé ibi tí ọ̀rọ̀ kò ti ṣeé fi ẹnu nìkan sọ. Ohun tí wọ́n fi pẹ̀tù sí i ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìkòkò méjèèjì ni yóò jẹ. Báyìí, odidi iléèwé wá, wọ́n ro ó mọ́ dé ààlà, wọ́n sì kọ ìkòkò òun níwájú gbogbo ayé.

“Wọ́n kọ ìkòkò tiwọn náà, Bàbá!” ni Àṣìkẹ́ wí.

“Kí n má baà fura ni.”

Bàbá Bàrúwà kò tíì dé ilé tán tí àwọn ìdílé Ọmọ́délé fi pe pírínsípà lórí fóònù pé èló ni Bàrúwà fún un. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ìdílé kìíní ti so màrìwò dí ọ̀nà ilé ìwòsàn láti òkè, èkejì so tirẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ́ ré màrìwò kọjá. Nọ́ọ̀sì dúró lójú títì pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ìyàwó ọmọ Ìyá Ọmọ́délé wà lóṣù rẹ̀, ọ̀nà tó já sí Ayétòrò kò sì ṣeé gbé aláboyún gbà.

Pírínsípà pe Àṣìkẹ́. Ó rọra sọ̀rọ̀, bí ó ti máa ń ṣe bí inú bá ń bí i gan-an. “Mísìs Oyèkúnlé, iṣẹ́ àánú lẹ ní ẹ̀ ń kọ́ wọn. Ẹ ò sọ fún mi pé iṣẹ́ ogun wà nínú rẹ̀. Ẹ lọ tú ohun tí ẹ dì, tàbí kí n tú ẹgbẹ́ yín.”

Ó lọ lọ́jọ́ kejì, òun àti Toheebat. Wọ́n kúnlẹ̀ ní ilé kìíní, wọ́n kúnlẹ̀ ní èkejì. Àwọn méjèèjì tí kò fẹ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún un ní ìdáhùn kan náà, bí ẹni pé wọ́n jọ kọ́ ọ sórí.

“Kí wọ́n wá jẹ ẹ́. Níta gbangba, lójú gbogbo èèyàn.”

“A ó jẹ ẹ́, mà,” ni Àṣìkẹ́ wí fún Ìyá Ọmọ́délé. Ọ̀rọ̀ náà kò fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. “Nígbà wo?”

“Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ ọjà wa ni. Ojú á pọ̀.”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, Jímọ́ọ̀ ńkọ́?”

Ìyá àgbà náà na ìka sí ilé tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà, tó fẹ̀yìn ti ògiri, tó fi ọwọ́ di ìbàdí mú. “Lọ bi ìyẹn bóyá yóò lè dúró de Jímọ́ọ̀.”

Àṣìkẹ́ pe Gideon. Ó ṣe àlàyé títí káàdì fi fẹ́ tán. Gideon fara balẹ̀ gbọ́ ọ, ó sì kẹ́dùn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí mọ bí wọ́n ṣe ń kẹ́dùn.

“Ọjọ́bọ̀ ni tiyín, Mísìs Oyèkúnlé, tàbí ọdún tó ń bọ̀. Ní ti òfin yẹn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. Bí a bá yẹ̀ ẹ́ fún yín, kí la ó sọ fún àwọn yòókù?”

Ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ ni wọ́n ń sọ fún un, wọ́n sì ń sọ ọ́ dáadáa.

Ó wá dá ọgbọ́n kan. Kí gbogbo ẹgbẹ́ jẹun, kí Toheebat má jẹ. Kó jókòó ti Gideon, kó máa ya fọ́tò, kó máa ṣàlàyé iṣẹ́ fún un. Ta ni yóò ka ẹnu ọmọ tó ń jẹun níbi tí ẹnu pọ̀ sí? Ó sọ ọ́ fún Toheebat. Toheebat gbà, ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ dé. Ìdí-Ọsàn kún, àwọn tó wá nájà àti àwọn tó wá wòran. Wọ́n tẹ́ ẹní sáàárín màrìwò méjèèjì. Gideon jókòó sórí àga ike, káàdì iṣẹ́ ń rọ̀ lọ́rùn rẹ̀, omi inú ike tó gbé wá láti Abẹ́òkúta wà lórí itan rẹ̀. Toheebat dúró tì í pẹ̀lú fóònù Àṣìkẹ́. Wọ́n gbé ìkòkò méjèèjì kalẹ̀. Àwọn ọmọ fọwọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ridwanullah kò nílò ìyànjú. Wọ́n ní òun nìkan lè parí ìjà ilẹ̀ gbogbo Yewa.

Bàbá Bàrúwà ti fẹ́ na ọwọ́ sí màrìwò kó tú u, ni Ìyá Ọmọ́délé bá ní kó dúró.

“Èyí tó kúnlẹ̀ níwájú mi tó ní àwọn ò fẹ́ nǹkan kan dà?”

Gbogbo ojú ṣí sí Toheebat.

“Òun nìyẹn,” ni Bàbá Bàrúwà wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti Sátidé tí wọ́n máa fohùn ṣọ̀kan lójú ara wọn. “Ẹnu tó kọ̀ ọ́ ló yẹ kó jẹ ẹ́.”

“Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni, mà,” ni Àṣìkẹ́ wí.

“Iṣẹ́ ta ni?”

Ìbéèrè náà dúró lókè níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé Ọmọ́délé ni aláboyún yẹn ṣì jókòó sí, ó ń mí bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè. Toheebat yíjú sí tísà rẹ̀. Ó ń dúró kó sọ ọ̀kan: jẹ ẹ́, tàbí má jẹ ẹ́. Obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ fún ogójì ọmọ lójoojúmọ́, tí wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀ dé ọ̀nà títì, la ẹnu, kò rí ohùn kankan níbẹ̀.

Toheebat gbé fóònù lé itan Gideon. “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi mú un.” Ó fọwọ́. Ó jókòó sórí ẹní, ó bu ẹ̀wà, ó gbé e mì. Ó bu gàrí, ó gbé e mì. Ó ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ò rí i. Wọ́n tú màrìwò. Nọ́ọ̀sì sáré lọ ṣílẹ̀kùn. Kí ọjà tó tú, wọ́n ti gbọ́ ẹkún ọmọ tuntun nínú ilé ìwòsàn, àwọn ìdílé méjèèjì sì ti ń jiyàn lórí ẹni tí yóò sọ ọ́ lórúkọ.

Gideon bọ Àṣìkẹ́ lọ́wọ́ kó tó wọ mọ́tò. “Àwọn ará ibí fẹ́ràn yín gan-an ni. Ẹ ó gbọ́ ìròyìn wa.”

Ìròyìn dé. Wọ́n mú akẹ́kọ̀ọ́ kan ní iléèwé náà. Ìtẹ́olúwakìíṣí ni, ọmọ tí ibà dá dùbúlẹ̀ láti ọjọ́ Sátidé yẹn títí dé Ọjọ́bọ̀. Kò fọwọ́ kan ọkọ́, kò mọ ọ̀nà Ìdí-Ọsàn, kò sì jẹ ẹ̀wà ẹnikẹ́ni. Nínú gbogbo orúkọ ẹgbẹ́ tí Àṣìkẹ́ kọ ránṣẹ́, òun nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ gbé àkùkọ wá dúpẹ́. Àṣìkẹ́ dá àkùkọ náà padà, kò sì kí i kú ìrìn.

Ó bá Gideon jà lórí fóònù. Ó kọ lẹ́tà, ó tún òmíràn kọ. Wọ́n fi ọ̀wọ̀ dá gbogbo rẹ̀ lóhùn, wọn ò yí nǹkan kan padà. Nígbà tí kò sí ibòmíràn mọ́, ó lọ sílé Mùnírù, ó sì bẹ̀ ẹ́.

Mùnírù kò pariwo. Ó fún un ní àga. Ó ní, “Tísà, mo ní kí ẹ má wá.” Ó tún ní, “Àwọn aláàánú yẹn. Ṣé ẹ ti rí ibi tí wọ́n ń gbé?”

Lẹ́yìn wáẹ̀kì, Àṣìkẹ́ sin Toheebat dé gáréèjì. Mọ́tò tó ń lọ sí bọ́dà ti fẹ́ kún. Ẹrù ọmọ náà kò pọ̀: báàgì kan, àti ẹ̀kọ pẹ̀lú àkàrà nínú ọ̀rá tí ìyá rẹ̀ fún un jẹ lọ́nà. Toheebat tú ọ̀rá náà, ó bu àkàrà kan sí méjì, ó na ìdajì sí tísà rẹ̀.

Àwọn ọlọ́kadà tó wà níbẹ̀ mọ obìnrin náà. Ọ̀kan fọwọ́ tọ́ èkejì pé kó wò ó.

Àṣìkẹ́ wo àkàrà náà. Ó gbà á, ó sì jẹ ẹ́ lórí ìdúró, tán pátápátá.

Toheebat ń wò ó. Ẹ̀rín fẹ́ yọ lójú rẹ̀, omijé ló kọ́kọ́ yọ. “Mà, ẹ ti jẹun mi o. Mo ti bẹ̀ yín lọ́wẹ̀ nìyẹn.”

“Iṣẹ́ wo?”

“Kí ẹ wá mú mi kúrò ní Kétu.”

Dẹ́rẹ́bà ké pé ẹni tó ń lọ kó wọlé. Àṣìkẹ́ nu òróró kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ sára ìró, kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Ó ti jẹ ẹ́, kò sì sí bí ó ṣe lè ní òun ò jẹ ẹ́. Ó dúró síbẹ̀ títí mọ́tò náà fi yà sójú ọ̀nà Ìmẹ̀kọ, tí eruku bò ó.